Ìrìnàjò afẹ́ eré ìdárayá nínú igbó ààbò ní etíkun Àgbádárìgì

Ìrìnàjò afẹ́ eré ìdárayá nínú igbó ààbò ni àbẹ̀wò tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí igbó tí òfin ìjọba tàbí àṣà ìbílẹ̀ dáàbò bò, láti rìn, láti tu ọkọ̀, láti gun òkè, láti gun kẹ̀kẹ́ tàbí láti wo ẹyẹ àti ẹranko níbẹ̀, láìgé igi àti láìpa ẹran. Ní etíkun Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ibi tó gbajúmọ̀ jù lọ fún irú ìgbafẹ́ yìí ni Lekki Conservation Centre, tó wà ní apá ìlà-oòrùn ìlú Èkó. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Àgbádárìgì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Badagry, ọ̀sà, àbàtà, oko àgbọn àti àwọn ojúkò ìtàn òwò ẹrú ni ó ń fa àlejò wá.

Ìṣòro kan ló wà nídìí gbogbo ètò irú èyí. Owó tí àlejò ń san lè jẹ́ ìdí tí wọn kò fi ní sọ igbó di ilé àti ọjà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, ariwo àti pàǹtírí àwọn àlejò kan náà lè ba igbó náà jẹ́. Bí igbó bá ṣe kéré tó ni ìṣòro náà ṣe ń le sí, àwọn igbó tó ṣẹ́kù ní etíkun Èkó sì kéré.

Àwọn oríṣi igbó ààbò

Oríṣi igbó mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin pa láàlà. Igbó Olókemèjì, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ. Ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn yà á sọ́tọ̀. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn di igbó ọba ní ọdún 1925, erin igbó sì ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí igi gẹdú ni wọ́n ṣe dá ọ̀pọ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ìgbafẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà inú wọn fi jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ agbégi ju ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ọgbà ẹranko ìgbẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Old Oyo National Park, tó gba ipò yìí ní ọdún 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú rẹ̀, adágún omi Ìkẹ̀rẹ́ sì wà fún ọkọ̀ wíwà àti ẹja pípa.

Ìkẹta ni igbó òrìṣà, tí àwọn àgbà ń pè ní igbó àìwọ̀ níbi tí èèwọ̀ rẹ̀ bá ti le. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ó lókìkí jù lọ nínú wọn; hẹ́kítà 75 ni ó jẹ́, àjọ UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ìkẹrin ni igbó tí ẹgbẹ́ aládàáni ń bójú tó fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Inú oríṣi yìí ni Lekki wà.

Ìyàtọ̀ láàárín wọn hàn nínú ẹni tó ní àṣẹ láti ṣí ọ̀nà fún àlejò. Nínú igbó ọba, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Nínú ọgbà orílẹ̀-èdè, àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Nínú igbó òrìṣà, àwọn àwòrò, ọba àti ìjòyè ní ohùn tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ilẹ̀ àti omi Àgbádárìgì

Àgbádárìgì wà ní etí ọ̀sà, nítòsí ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin ní Sẹ̀mẹ̀. Àwọn Ogu, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, àti àwọn Àwórì ni wọ́n pọ̀ jù lọ ní agbègbè náà. Ọ̀sà Àgbádárìgì so omi Èkó pọ̀ mọ́ omi Porto-Novo, ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan sì wà láàárín ọ̀sà yìí àti òkun. Lórí ilẹ̀ tóóró náà ni Gberefu wà.

Àgbọn ni igi tí ojú kọ́kọ́ ń rí ní etí òkun. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti di àbàtà, ògùrọ̀ àti ọ̀pẹ ló ń hù. Níbi tí omi iyọ̀ bá ti pàdé omi dídùn, igi ẹ̀gbá ń fi gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú ẹrọ̀fọ̀. Gbòǹgbò wọ̀nyí ni ẹja ń yé sí, àwọn ni wọ́n sì ń di etí omi mú kí ìgbì má baà gbé e lọ. Ìjàpá òkun náà a máa gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn etíkun Èkó. Nítorí náà, igbó tí a ń sọ níhìn-ín kò jọ ẹgàn Òǹdó tàbí Ìjẹ̀bú: omi ni ìdajì rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì wúlò nínú rẹ̀ ju bàtà lọ.

Igi wà lára ìtàn ìlú náà pẹ̀lú. Lábẹ́ igi Agia ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kristi ní ìlú náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman dé ibẹ̀. Igi náà wó ní ọdún 1959. Òkúta ìrántí ló dúró ní ipò rẹ̀ báyìí.

Àpẹẹrẹ Lekki

Lekki Conservation Centre ni ó sún mọ́ Àgbádárìgì jù lọ nínú àwọn ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ìgbafẹ́ inú igbó ní etíkun kan náà. Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó o. Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ni ó dá àjọ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 1990 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ epo Chevron ni ó náwó sí kíkọ́ rẹ̀. Èrò wọn ni láti pa díẹ̀ mọ́ nínú igbó àti àbàtà etíkun kí ilé tó gba gbogbo rẹ̀.

Hẹ́kítà 78 ni ibùdó náà, èyí tí kò pé kìlómítà kan níbùú lóròó. Nínú rẹ̀ ni ọ̀bọ, ọ̀nì, awọ́nríwọ́n, ìgalà, ẹtu, òkété, ọ̀kẹ́rẹ́ àti oríṣiríṣi ẹyẹ ń gbé. Ọ̀nà onípákó ni àlejò ń tọ̀ la àbàtà kọjá. Ilé orí igi wà fún ẹni tó bá lè gun àkàbà, pápá eré sì wà tí àwọn ọmọdé àti ìdílé ti ń ṣeré. Ohun tó sọ ibùdó náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni afárá orí igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, tó sì wà lára àwọn afárá irú rẹ̀ tó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2016, àwọn àlejò ti ń rìn lórí rẹ̀.

Kí afárá náà tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùfẹ́ ẹ̀dá ni wọ́n sábà máa ń lọ síbẹ̀. Afárá fi irú àlejò mìíràn kún wọn: àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dán ìgboyà wọn wò, àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde fún ìgbafẹ́, àti àwọn tó ń wá ibi ya àwòrán. Eré ìdárayá ni ó mú wọn wá. Ẹ̀kọ́ nípa igbó ni wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà. Owó ìwọlé wọn sì ń kún owó tí a fi ń tọ́jú ibẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ilé àti ilé-iṣẹ́ ti yí ibùdó náà ká. Ẹranko tó bá jáde nínú rẹ̀ yóò pàdé ọ̀nà márosẹ̀ àti ògiri, omi tó sì ń ti àdúgbò wọlé lè gbé ìdọ̀tí wá. Igbó tó bá dá wà láàárín ilé báyìí ni a lè fi wé erékùṣù: bí ohun kan bá pa irú ẹranko kan tán nínú rẹ̀, òmíràn kò ní ibi tí yóò gbà wọlé rọ́pò rẹ̀.

Àwọn eré ìdárayá àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí igbó

Gbogbo eré kọ́ ni ìpalára rẹ̀ dọ́gba.

Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ púpọ̀ lójú kan a máa ki ilẹ̀ pọ̀, omi òjò kò ní lè wọlẹ̀ mọ́, gbòǹgbò yóò sì yọ síta. Nígbà òjò, àwọn tó ń yẹra fún ẹrọ̀fọ̀ a máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ọ̀nà yóò sì máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀nà onípákó tí a gbé ga díẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ni oògùn èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pákó máa ń tètè jẹrà ní ilẹ̀ olómi, tó sì ń fẹ́ àtúnṣe nígbà gbogbo.

Afárá orí igi gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó sì ń darí gbogbo àlejò gba ojú kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun èlò olówó ńlá ni. Okùn, àwọ̀n àti pákó rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò léraléra, iye ènìyàn tó lè wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n.

Ọkọ̀ tí a fi àjẹ̀ tù kò pariwo, kì í sì í dá ìgbì sílẹ̀. Òun ni ó bá ọ̀sà Àgbádárìgì mu jù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìgbì rẹ̀ ń jẹ etí omi, ó sì ń lé ẹyẹ. Ìdíwọ́ ńlá fún oríṣi ọkọ̀ méjèèjì ni ewéko orí omi tí a ń pè ní water hyacinth. Ní ọ̀sà Àgbádárìgì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1984. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ omi gúúsù orílẹ̀-èdè náà.

Gígun kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ ilẹ̀ líle. Iyanrìn etíkun àti àbàtà kò gbà á. Ọ̀nà àwọn agbégi nínú igbó ọba tó wà ní òkè ilẹ̀ ni ó yẹ ẹ́.

Wíwo ẹyẹ kò ba ohun púpọ̀ jẹ́, nítorí ẹgbẹ́ kékeré ni ó ń ṣe é, ní kùtùkùtù, láìpariwo. Kò sì ń mú èrò tó pọ̀ wá. Ẹni tó bá gbójú lé e nìkan kì í tètè rí owó tí yóò fi san owó oṣù àwọn olùṣọ́ igbó.

Oúnjẹ tí àlejò ń jù fún ẹranko náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn bísíkíìtì àti ẹ̀pà kì í fẹ́ wá oúnjẹ nínú igbó mọ́. Yóò máa já àpò gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì lè bu ènìyàn jẹ.

Ọ̀nà ìrora àti ọ̀nà ìgbafẹ́

Ìrìn ẹsẹ̀ kan ti wà ní Àgbádárìgì tipẹ́. Àlejò tó bá ti wo ọjà ẹrú Vlekete àti ilé àwọn ẹrú ti Seriki Williams Abass tán nínú ìlú, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ la ọ̀sà kọjá sí Gberefu. Láti èbúté ibẹ̀ ni yóò ti fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn àti pápá, dé etí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Ojú Àìpadàbọ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Ìtàn àdúgbò sọ pé wọ́n ń mú kí àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Ìrìn náà ní gbogbo ohun tí olùfẹ́ eré ìdárayá ń wá: omi, iyanrìn, oòrùn àti atẹ́gùn òkun. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀fọ̀ ni. Bí a bá fi eré sísá, kẹ̀kẹ́ tàbí orin ìgbafẹ́ kún un, a lè tàbùkù àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, àti àwọn àtọmọdọ́mọ wọn tó ń ti Amẹ́ríkà àti Brazil wá síbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Ghana fi ọ̀nà kan hàn tí a lè gbà yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọgbà Kakum jẹ́ igbó ọba láti ọdún 1931, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1992. Ní ọdún 1995 ni wọ́n ṣí afárá orí igi rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 350, tó ní afárá 7 tí a so mọ́ ara igi ńláńlá. Igbó náà kò jìnnà sí Cape Coast àti Elmina, níbi tí àwọn ilé olódi òwò ẹrú wà, ètò kan náà ni wọ́n sì fi tún ilé olódi ṣe tí wọ́n fi ṣí igbó náà fún àlejò. Arìnrìnàjò tó wá ṣọ̀fọ̀ nínú ilé olódi lè lo ọjọ́ kejì nínú igbó. Ojúkò méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ wọn kò wà lójú kan náà. Bí wọ́n bá lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní Àgbádárìgì, ọ̀nà Gberefu yóò wà fún ìrántí nìkan, eré ìdárayá yóò sì wà ní àwọn apá mìíràn ọ̀sà.

Zangbeto àti igbó etí omi

Àwọn Ogu ní àjọ ìṣọ́ ìbílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí eégún lásán: Zangbeto, aṣọ́de tó ń fi koríko àti ọ̀rẹ̀ gígùn bo ara. Iṣẹ́ rẹ̀ láti ayébáyé ni láti ṣọ́ ìlú lóru àti láti mú ọ̀daràn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí dé inú igbó. Ní agbègbè Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, àwọn ènìyàn ń gé igi ẹ̀gbá láti fi se iyọ̀ àti láti fi yan ẹja, àbàtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àwọn ará àdúgbò àti àjọ Eco-Bénin fohùn ṣọ̀kan pé kí a fi àwọn apá kan sábẹ́ Zangbeto. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gé igi níbẹ̀ rú èèwọ̀, yóò sì dáhùn níwájú àwọn àgbà. Ní ọdún 2017, UNESCO fi agbègbè odò Mono, ní Benin àti ní Togo, sínú àwọn agbègbè ìpamọ́ ẹ̀dá rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni àlejò fi ń wo igi ẹ̀gbá náà, àwọn ọmọ àdúgbò ló sì ń tu ọkọ̀ fún wọn.

Àpẹẹrẹ yìí kan Àgbádárìgì gbọ̀ngbọ̀n, nítorí èdè, ẹ̀jẹ̀ àti Zangbeto kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Ó fi hàn pé òfin tí ìlú gbà gbọ́ lè dáàbò bo igbó níbi tí olùṣọ́ ìjọba kò pọ̀ tó. Àmọ́ ó ní ààlà tirẹ̀: èèwọ̀ kò de àlejò tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn nínú ìlú sì lè má gbà á. Nítorí èyí, èèwọ̀ àti òfin ìjọba gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ni.

Ilẹ̀, owó àti àwọn ará àdúgbò

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bó ti wù kó rí, ìdílé àti agbo-ilé ṣì ń ka ilẹ̀ wọn sí ogún ìran wọn, wọ́n sì ń tà á. Ní etíkun Èkó, ilẹ̀ tí a kò kọ́lé sí ni ọ̀pọ̀ ń wò gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí kò mú nǹkan wá. Ìdàgbàsókè ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì àti ti ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí wọ́n sì fẹ́ mú dé Òkòkòmáìkò, yóò jẹ́ kí ó rọrùn fún àlejò láti dé agbègbè náà. Ọ̀nà kan náà yóò gbé iye owó ilẹ̀ ga, yóò sì fa àwọn akọ́lé. Igbó tí wọn kò bá tíì pa láàlà kí ọ̀nà tó parí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí owó ń gbà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò dáàbò bo igbó. Bí apẹja, alágbọn àti obìnrin tó ń yan ẹja bá pàdánù ibi iṣẹ́ wọn nítorí ọgbà tuntun, tí wọn kò sì rí nǹkan kan gbà nínú owó ẹnu ọ̀nà, wọn yóò padà wọ igbó lóru. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn ni atukọ̀, afọ̀nàhàn àti olùṣọ́, tí oúnjẹ àlejò sì ń ti ọwọ́ wọn wá, igbó yóò di ohun ìní tí wọ́n ní ìdí láti ṣọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àjọ kan ṣoṣo kì í sì í dá igbó ṣọ́.

Àwọn ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́

Àpẹẹrẹ Lekki, Kakum àti Bouche du Roy fi àwọn nǹkan díẹ̀ hàn tí ètò ìgbafẹ́ inú igbó kò lè ṣe láìní. Ààlà tó dájú ni àkọ́kọ́, tí ìjọba kọ sílẹ̀, tí àwọn onílẹ̀ sì fọwọ́ sí. Ìkejì ni òdiwọ̀n iye àlejò lójúmọ́, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ yí padà nítorí ọjọ́ ọdún, nígbà tí èrò ń pọ̀ jù. Ìkẹta ni apá igbó tí àlejò kankan kì í dé, kí ẹranko lè ní ibi ìsinmi. Ìkẹrin ni pínpín owó tí gbogbo ènìyàn lè rí.

Ààbò ẹ̀mí ni ìkarùn-ún. Lagos State Waterways Authority, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ló ń ṣe àkóso ọkọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì pọn dandan kí èrò wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ìgbì òkun etíkun yìí le, kò sì dára fún ìwẹ̀ bíi ti ọ̀sà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ní oṣù kẹfà, òjò a máa bo ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà náà sì ni ó yẹ kí a fi igbó sílẹ̀ kí ó sinmi.